Áàpù mẹ́ta, ọjọ́ orí mẹ́ta: ọjọ́ wo gan-an ni màmá máa pé àádọ́rin ọdún?

Ìbéèrè tó wọlé láti Láfíàjì, Lagos Island, rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún màmá wa lọ́dún yìí. Bàbá wọn kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì ìdílé pé '9/4/56', àmọ́ 4 September 1956 ló wà lórí NIN wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n bí wọn, ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá s'Ékòó, pé oyún wọn ti yọ dáadáa lára ìyá wọn nígbà tí wọ́n jọ lọ wo Ọbabìnrin. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, mo fi 9 April sínú áàpù mẹ́ta. Gbogbo wọn ní ọdún 69 àti oṣù 10, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ọjọ́ 24, ọ̀kan ní 26, ọ̀kan ní 27. Àǹtí mi tún ń jà pé wọ́n ti pé àádọ́rin láti èṣí. Èwo ni ká gbà? Ẹ bá wa wá nǹkan tí MC lè sọ nípa ọjọ́ ìbí wọn pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston sì fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa pè wọ́n."

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìmúra ìnáwó. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe ti màmá ní àṣeyè.

Ìdáhùn rèé kí àlàyé tó dé: gbogbo ẹ̀rí tí ẹ kó sílẹ̀ yìí, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1956 ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2026 tí ẹ ṣírò, màmá jẹ́ ẹni ọdún 69, oṣù 10 àti ọjọ́ 24. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 2026, ni wọ́n máa pé àádọ́rin ọdún lókè eèpẹ̀. Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 11, ló dáa jù fún òde. Ọjọ́ Àjíǹde lọ́dún náà bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, nítorí náà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì á ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò ní sí ará ìjọ tó máa ní òun ò lè jó.

Ọ̀rọ̀ áàpù gan-an ló kéré jù nínú ohun tí ẹ béèrè. Bí ọjọ́ ìbí tí èèyàn fi sínú ẹ̀rọ kò bá tọ̀nà, kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe. Ọjọ́ ìbí la máa kọ́kọ́ yanjú.

Bí 9/4/56 ṣe lè di 4 September kò fara sin. Níbí, ọjọ́ là ń kọ ṣáájú oṣù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń kọ oṣù ṣáájú. Kọ̀ǹpútà tí wọn ò bá yí ètò rẹ̀ kúrò ní ti Amẹ́ríkà á ka 9/4 sí oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 4, kò sì ní fi hàn rárá pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní 25/4 bọ́ nínú rẹ̀, torí pé kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ẹ̀rọ lè kà á sí. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 12 nínú oṣù ló máa ń kó sí i, àfi tí ọjọ́ àti oṣù bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bíi 4/4. Lórí fọ́ọ̀mù yòówù, ẹ máa kọ orúkọ oṣù jáde: 9 April 1956. Fún àwọn àgbà, ẹ kọ ọdún náà ní pípé. Excel máa ń ka 00 sí 29 sí ọdún 2000 sí 2029. Bàbá tí wọ́n bí lọ́dún 1929, tí ẹnì kan kàn tẹ "29" fún, ẹ̀rọ á ní wọn ò tíì bí i.

Ẹ̀gbọ́n màmá ní ọjọ́ Ajé ni, ẹ ò sì nílò ẹ̀rọ láti yẹ ìyẹn wò. Ẹ mú nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ọdún, 56. Ẹ fi 4 pín in, ẹ má ka èyí tó bá ṣẹ́ kù: 14. Ẹ fi ọjọ́ inú oṣù kún un, 9. Ẹ wá fi nọ́ńbà oṣù kún un. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, nọ́ńbà wọn ni 1, 4, 4, 0, 2, 5, 0, 3, 6, 1, 4, 6. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n sórí, kó máa kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta: 144, 025, 036, 146. Ti oṣù Kẹrin ni 0. Àròpọ̀ 56, 14, 9 àti 0 jẹ́ 79. Ẹ fi 7 pín in, ó ṣẹ́ ku 2. Tó bá ṣẹ́ ku 1, ọjọ́ Àìkú ni, 2, Ajé, 3, Ìṣẹ́gun, 4, Ọjọ́rú, 5, Ọjọ́bọ̀, 6, Ẹtì, bí kò bá ṣẹ́ ku nǹkan kan, Àbámẹ́ta ni. Ọjọ́ Ajé rèé. Ẹ wá dán ti NIN wò: 56, 14, 4 àti 6 jẹ́ 80, ó ṣẹ́ ku 3, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ méjèèjì kò jọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n màmá ò mọ ìṣirò yìí kó tó sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó fún ẹlòmíràn, ẹ yọ 1 nínú àròpọ̀ fún ẹni tí wọ́n bí láti ọdún 2000 síwájú. Ẹ tún yọ 1 fún ẹni tí wọ́n bí ní oṣù Kìíní tàbí oṣù Kejì nínú ọdún tí oṣù Kejì rẹ̀ ní ọjọ́ 29. Ọjọ́ òmìnira wa, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960, lẹ lè fi dán ọwọ́ yín wò: 60, 15, 1 àti 1 jẹ́ 77, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Àbámẹ́ta sì ni lóòótọ́.

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, torí méje péré ni wọ́n, èèyàn lè ṣèèṣì mú èyí tó tọ́. Èyí tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni oyún tó ti yọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1956 ni Ọbabìnrin Elizabeth gúnlẹ̀ s'Ékòó, ó sì kúrò ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì. Láti ọjọ́ tó gúnlẹ̀ dé ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin jẹ́ ọjọ́ 72. Oyún máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 280, nítorí náà oyún tó ku ọjọ́ 72 kó bí á ti tó nǹkan bí oṣù méje: ẹni tó bá wo aláboyún yẹn lójú pópó á mọ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bí màmá, ọjọ́ 220 ló kù kí wọ́n bí wọn, oyún náà kò ju oṣù méjì lọ. Ta ló máa rí oyún oṣù méjì lábẹ́ ìró àti bùbá? Ọdún kan náà ni oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹsàn-án wà, ìdí nìyẹn tí "ọdún tí Ọbabìnrin wá" nìkan kò fi lè yanjú ẹjọ́ yìí. Oyún tó hàn ló yanjú ẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì rí ẹni tó rántí ọjọ́ ìkómọjáde, ẹ bi í. Lọ́jọ́ kẹjọ là ń sọ ọmọ lórúkọ, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an la sì ń kà sí ọjọ́ kìíní. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa kó o jáde. Ti màmá á bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin. Àwọn ilé kan láyé àtijọ́ ń sọ obìnrin lórúkọ lọ́jọ́ keje, wọ́n ń sọ ọkùnrin lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń ṣe nílé yín. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ kì í ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 9 dé ọjọ́ 16, ẹ̀rọ á ní 7, àgbà á ní 8, kò sì sí ẹni tó ṣìṣe nínú wọn.

Ó wá ku áàpù mẹ́ta yín. Ọjọ́ orí, ọjọ́ ìbí sí ọjọ́ ìbí là ń fi kà á. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 1956 dé ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 2025, ọdún 69 gbáko. Láti ibẹ̀, ẹ máa fo láti ọjọ́ 9 oṣù kan dé ọjọ́ 9 oṣù kejì, oṣù kẹwàá á pé ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2026. Ó ku iye ọjọ́ láti ibẹ̀ dé ọjọ́ 5 oṣù Kẹta. Oṣù Kejì lọ́dún 2026 ní ọjọ́ 28; ẹ yọ 9, ó ku 19; ẹ fi 5 kún un, 24. Áàpù tó ní 26 ka gbogbo oṣù sí ọgbọ̀n ọjọ́: 30 yọ 9, fi 5 kún un. Èyí tó ní 27 yá ọjọ́ 31 lọ́wọ́ oṣù Kẹta, nígbà tó jẹ́ pé oṣù Kejì ló yẹ kó yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Bí áàpù kan bá tún wá ní 25, ó ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn ni.

Àṣìṣe tó burú ju ìyẹn lọ wà, òun ni kí èèyàn ka gbogbo ọjọ́, kó wá fi 365 pín in. Láti ọjọ́ ìbí màmá dé ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2026 jẹ́ ọjọ́ 25,532. Nínú rẹ̀, ọjọ́ 29 oṣù Kejì wáyé nígbà 17, láti 1960 dé 2024. (Ọdún 1956 náà ní ọjọ́ 29 tirẹ̀, àmọ́ ó ti kọjá kí wọ́n tó bí wọn.) Ẹni tó bá fi 365 pín in kò ka ọjọ́ mẹ́tàdínlógún yìí sí, ìṣirò rẹ̀ á sì ní màmá pé àádọ́rin ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ṣáájú àkókò. Bí èèyàn bá ṣe dàgbà tó ni àṣìṣe yìí ń tóbi sí i. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọjọ́ méjì péré ni.

Ẹ má bá àǹtí jà. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin 2025 ni màmá pé 69, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wọ ọdún tó máa sọ wọ́n di ẹni àádọ́rin. Bí ẹ bá ti rí i pé gbólóhùn yẹn ń dàrú mọ́ èèyàn lójú, ẹ kàn sọ fún wọn pé màmá wọ àádọ́rin léṣìí, wọ́n á pé e lọ́dún yìí. Ní ilé, ẹni tó ti wọ ọ́ làwọn àgbà ń pè ní ẹni àádọ́rin ọdún. Báǹkì, ìjọba àti kóòtù, ọdún tó ti pé nìkan ni wọ́n mọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa fẹ̀yìn tì lẹ́ni ọgọ́ta ọdún kò ní lọ lọ́jọ́ tó wọ ọgọ́ta, ọmọ tó wọ ọdún kejìdínlógún kò sì tíì lè dìbò.

Lórí Excel tàbí Google Sheets, ẹ tẹ =DATE(1956,4,9) sínú A1 kí ẹ̀rọ má bàa ṣi ọjọ́ àti oṣù gbé fún ara wọn, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣírò dé sínú B1. Iye ọdún ni =DATEDIF(A1,B1,"Y"), iye oṣù tó lé ni =DATEDIF(A1,B1,"YM"). Fún ọjọ́ tó lé, ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo "MD", ṣùgbọ́n Microsoft fúnra wọn kìlọ̀ pé ó lè mú èsì tí kò tọ́ wá, pàápàá fún ẹni tí wọ́n bí ní ìparí oṣù. =B1-EDATE(A1,DATEDIF(A1,B1,"M")) ni kí ẹ lò dípò rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ lápapọ̀ ni =B1-A1. Bí ó bá ń fi ọjọ́ kan nínú ọdún 1969 hàn yín dípò 25,532, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ẹ yí àpótí náà sí nọ́ńbà lásán.

Ẹ bá màmá tún NIN ṣe kí ọjọ́ tó lọ, torí inú rẹ̀ ni báǹkì àti ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù ń ka ọjọ́ ìbí. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ìrìbọmi ní ìjọ tí wọ́n ti rì wọ́n bọmi, kí ẹ sì túlé bóyá ìwé ìbí àtijọ́ ṣì wà níbì kan, torí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní Lagos Island látayé òyìnbó. Òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan jákèjádò orílẹ̀-èdè, 1992 ló jáde, nítorí náà ìwé ìjẹ́rìí ìbí ni àwọn NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, máa ń fún àgbàlagbà. Ẹ mú ẹ̀dà ojú ìwé Bíbélì náà dání, kí ẹ má yà á kúrò lára Bíbélì. NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà BVN, kí àwọn ìwé yòókù tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 148 ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ìwé méjì tí kò bára mu ló ń dá owó ìfẹ̀yìntì àti físà dúró. Bí ẹ bá dé kóòtù fún ìbúra, ohun tí ẹ̀rí yín gbé ró nìkan ni kí ẹ búra lé lórí. Ìbúra èké, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Ó ku ti MC. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ fi ọjọ́ orí màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú Èkó ti rí. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4, oṣù 5 àti ọjọ́ 22. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 11, oṣù 1 àti ọjọ́ 18. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 tí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún káàkiri Nàìjíríà, ó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí wọ́n pé ọmọ ọdún 16. Nígbà tí wọ́n ṣí FESTAC ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1977, wọ́n ti di ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 20, oṣù 9 àti ọjọ́ 6. Ẹ bi wọ́n ṣáájú ọjọ́ òde, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rántí nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. MC á ka ọjọ́ orí, màmá á fẹnu ara wọn sọ ìyókù.

Ọjọ́ 25,000 wọn láyé ti kọjá, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2024 ni. Ti 26,000 ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 2027. Ọjọ́ ìbí wọn kò ní bọ́ sí ọjọ́ Ajé mọ́ títí di 2029. 2018 ló ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Fún ẹbí tó jẹ́ Mùsùlùmí, ọdún Hijra jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, nítorí náà ní kíkà yẹn, màmá ti pé 72 láti oṣù Kejì 2026. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ọjọ́ ìbí wọn nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti àwọn baba wa, ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta, kó fi 4 pín 25,532. Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ọjọ́ òrìṣà tí ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2026 bọ́ sí gan-an ni tiwọn, babaláwo èyíkéyìí lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín.

MC tún lè fi àwọn àlejò ṣeré. Tí èèyàn 23 bá wà níbì kan, ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ pé méjì nínú wọn jọ ní ọjọ́ àti oṣù ìbí kan náà, torí pé èèyàn 23 lè di oríṣi ìsopọ̀ ẹni méjì-méjì 253. Tábìlì ẹlẹ́ni-mẹ́wàá mẹ́ta gbé e dé nǹkan bí 71 nínú ọgọ́rùn-ún, tábìlì márùn-ún gbé e dé 97. Àmọ́ kí MC má ṣèlérí pé ẹnì kan á bá màmá pín ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin. Ìyẹn le jù: àní bí àlejò bá tó 300, nǹkan bí 56 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kí ó má sì ka àwọn ọlọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọjọ́ tí wọ́n fi dí àyè lórí fọ́ọ̀mù nìyẹn.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín ní Houston, nínú oṣù Kẹrin, wákàtí mẹ́fà ni Èkó fi ṣáájú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí fóònù màmá dún bí ọjọ́ bá ṣe ń yí láago méjìlá òru, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 8, ni kí wọ́n pè lọ́hùn-ún. Bí ẹbí kan bá wà ní London, aago tiwọn àti ti Èkó dọ́gba lákòókò yẹn, nítorí náà kí wọ́n tètè máa tẹ̀ ẹ́.